Pápá Eré Ẹṣin Èkó

Etí ọ̀sà kì í ṣe ibùgbé ẹṣin. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni àwọn ẹlẹ́ṣin ogun Aláàfin ti gbilẹ̀. Nínú igbó ìsàlẹ̀, eṣinṣin tí ń kó àrùn ran ẹṣin kì í jẹ́ kí ó pẹ́ láyé. Síbẹ̀, Èkó ní pápá eré ẹṣin.

Àkọsílẹ̀ sọ pé Ọba Dòsùnmú ni ó yọ̀ǹda ilẹ̀ náà ní 1859. Ọdún yìí gba àkíyèsí, nítorí pé oṣù kẹjọ 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ eré ṣáájú ilẹ̀ ìṣàkóso.

Nínú èdè Yorùbá, eré tí a ń sá àti eré tí a ń ṣe, orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́. Pápá yìí gba méjèèjì. Orí rẹ̀ ni a ti ta àsíá Nàìjíríà ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960. Ní 1972, lábẹ́ ìjọba Gowon, a sọ ọ́ di gbàgede ayẹyẹ, a sì fi orúkọ Tafawa Balewa pè é. Eré sísá kúrò. Eré ṣíṣe dúró, títí kan ti Adámú Òrìṣà, nígbà tí Ẹ̀yọ̀ bá jáde. Ẹṣin tí ó kù níbẹ̀ kò ju àwọn funfun mẹ́rin tí a mọ sókè ẹnubodè, pẹ̀lú idì pupa méje.