Bí Ọwọ́ Òsì Ọlọ́kadà Ṣe Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Bí ẹ bá dúró sí ráńdábáò Ìkọ̀tún, ní Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ má wo ojú ọlọ́kadà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni kí ẹ wò. Èrò á gun ẹ̀yìn, ẹrù á bọ́ sí àárín. Ìka ọwọ́ òsì á fa irin pẹlẹbẹ kan mọ́ra, ẹsẹ̀ òsì á tẹ jíà, ẹ́ńjìnnì á bú, àwọn ìka náà á wá máa tú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń tú okùn ẹran tí kò fẹ́ kó sá mọ́ òun lọ́wọ́. Máṣíìnì á gbéra, èrò ò ní mì. Bí ìka bá yá jù, ẹ́ńjìnnì á kú, tàbí kí táyà iwájú fò sókè.

Irin pẹlẹbẹ yẹn ló ń tú kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ jíà. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nípa rẹ̀ ni pé ìgbà kan wà tí àwọn tó ń ṣe máṣíìnì ti gba iṣẹ́ yìí kúrò lọ́wọ́ òsì pátápátá. Òkè, iyanrìn àti ẹrù àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ àti irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó dá a padà.

Oṣù Kẹjọ ọdún 1958 ni ilé iṣẹ́ Honda gbé Super Cub jáde ní Japan. Soichiro Honda ni ọ̀gá lórí ẹ̀rọ, Takeo Fujisawa ni ọ̀gá lórí ọjà. Ohun tí wọ́n ń wá ni máṣíìnì tí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri ìlú lè fi ọwọ́ kan gùn, kó fi èkejì gbé àwo. Nítorí náà wọ́n yọ irin kílọ́ọ̀ṣì kúrò, wọ́n sì fi kílọ́ọ̀ṣì tó ń dá ṣiṣẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kékeré tí kò ju 49cc lọ. Ẹ ti rí egúngún tó ń yí nígbà ọdún. Bó bá rọra ń rìn, aṣọ rẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀ mọ́ ara. Bó bá ń pòyì, gbogbo ọ̀já aṣọ á fẹ̀ síta. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kílọ́ọ̀ṣì yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn irin wúwo kéékèèké wà nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń mí jẹ́jẹ́, wọ́n á sún mọ́ àárín, máṣíìnì á dúró bó ṣe wà. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá fún un lépo, eré á tì wọ́n síta, kílọ́ọ̀ṣì á mú, táyà á yí. Jíà mẹ́ta ni, ẹsẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá sì ti tẹ jíà, kílọ́ọ̀ṣì á tú fúnra rẹ̀.

Títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2017, irú máṣíìnì yìí tí Honda ti ṣe pé mílíọ̀nù 100. Kò sí ọkọ̀ onímọ́tò kankan láyé tó pọ̀ tó o.

Àwa náà gùn ún. Àwọn tó dàgbà tó mi á rántí Honda 50 àti 70 tí olùkọ́ ń gùn lọ síléèwé, tí nọ́ọ̀sì ń gùn lọ sọ́sibítù, pẹ̀lú ike gbọọrọ tó bo ẹsẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà ta sí aṣọ. Honda wá dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, níbi tí wọ́n ti ń to máṣíìnì pọ̀. Láti Abúlé Ẹ̀gbá, ọ̀nà Ọ̀tà kò jìnnà. Alùpùpù ni àwọn òǹkọ̀wé wa sọ ọ́, orúkọ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni kan àti báàgì rẹ̀ ni máṣíìnì ìgbà yẹn sábà máa ń gbé.

Ní ti bí ó ṣe di ọkọ̀ èrò, wọ́n ti ń fi máṣíìnì kó èrò ní Calabar láti bí ọdún 1970 sí i. Ní Èkó, ẹ̀yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Babangida gbé dé lọ́dún 1986, ló gbalẹ̀, nígbà tí mọ́tò di ọ̀wọ́n gógó tí owó oṣù kò sì tóó ná. Orúkọ okadà tí àwọn èèyàn fún un wá láti ara Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Olóyè Gabriel Igbinedion, torí máṣíìnì náà ń fò kọjá gosiló. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà sì wá láti ìlú Okada, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó báyìí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ti yí padà. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, iye tó pọ̀ jù nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Èkó nínú ìwé àjọ ìkànìyàn. Àwọn èèyàn ń kọ́lé lọ sẹ́yìn Ìgándò, sí Ìjẹ̀gùn, sí Ayọ̀bọ́, ilé sì ń ṣáájú títì. Ọ̀nà ibẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì da ọ̀dà sí, tí òjò gbẹ́ ní àárín, tí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò kékeré kan, tí ó sì tún gòkè ní òdìkejì. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kò lè wọ ibẹ̀. Okadà ló ń wọ̀ ọ́, pẹ̀lú èrò, àpò sìmẹ́ńtì, gálọ́ọ̀nù omi, nígbà mìíràn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ jẹ́ ká fi kílọ́ọ̀ṣì tó ń dá ṣiṣẹ́ sórí òkè bẹ́ẹ̀. Eré ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń gbọ́. Kò mọ̀ pé ẹrù wúwo, kò mọ̀ pé iyanrìn mu táyà. Tí ẹni tó ń gùn ún bá fẹ́ rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yọ́lẹ̀ láàárín kòtò méjì, eré á já wálẹ̀, irin wúwo inú á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí àárín, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀. Tó bá fún un lépo, á mú lójijì, máṣíìnì á ta kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí irin kílọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bú dáadáa ná, kó wá máa yọ agbára náà fún táyà bí ìyá tó ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́kadà fi yan máṣíìnì onírin kílọ́ọ̀ṣì: Suzuki, lẹ́yìn rẹ̀ Jincheng láti Ṣáínà, lẹ́yìn ìyẹn Bajaj Boxer àti TVS láti Íńdíà. Jíà mẹ́rin ni Boxer 100 ní. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jẹ́ àwo pẹlẹbẹ tó to léra, ọ̀kan onírin, ọ̀kan tí wọ́n lẹ ohun tó ń gbára mú mọ́, sípírìngì ló ń fún wọn pọ̀, inú ọ́ìlì ni gbogbo wọn sì wà. Ọwọ́ òsì ló ń ṣí wọn, òun ló ń pa wọ́n dé. Ti oníkẹ̀kẹ́ Marwa tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Látìgbà tí Buba Marwa, tó ṣe gómìnà ológun Èkó láti 1996 sí 1999, ti kó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà wá, ọwọ́ òsì awakọ̀ ló ń fa kílọ́ọ̀ṣì tó tún ń yí jíà lójú kan náà.

Èmi náà ti fojú ara mi rí bí kílọ́ọ̀ṣì tó ń dá ṣiṣẹ́ ṣe ń yọ̀ nínú iyanrìn. Lọ́dún kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní London gbé tírọ́ọ̀kì ìṣeré onírímóòtù kan wálé wá sí Ìgándò nígbà Kérésì. Kì í ṣe èyí tó ń lo bátìrì. Ẹ́ńjìnnì gidi ló ní, tó kéré bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó ń mu epo tí wọ́n fi methanol, nitromethane àti ọ́ìlì pò, ó sì ń ké bí agbọ́n. Irú rẹ̀ ló gbajúmọ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ Traxxas ní Amẹ́ríkà gbé T-Maxx jáde lọ́dún 1999. Ó gbé e sórí títì, ó fò bí ẹyẹ. Ó gbé e sí iyanrìn ẹ̀yìnkùlé, ó ké, kò sì lọ. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń yọ̀ títí ó fi gbóná.

Nígbà tó tú u, mo rí ohun tí mo mọ̀: egúngún tó ń pòyì. Irin kéékèèké, sípírìngì tó ń fà wọ́n padà, àti agogo irin tí wọ́n máa ń fẹ̀ lọ di mú. Ẹni tó bá fẹ́ kó tètè mú á fi sípírìngì tó rọ̀ sí i. Ẹni tó fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ sáré dé ibi tí agbára rẹ̀ pọ̀ sí kó tó mú á fi èyí tó le. Eyín wà lára agogo náà, ó ń yí jíà ńlá kan. Ká ní eyín 15 ló wà lára agogo, tí jíà ńlá ní 60, agogo á yí lẹ́ẹ̀mẹrin kí jíà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Tó bá pààrọ̀ agogo sí eléyín 12, á di ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Eré á dín, agbára á pọ̀, tírọ́ọ̀kì á fi iyanrìn ṣeré. Àwọn tó ní irú nǹkan yìí nílẹ̀ òkèèrè máa ń ra agogo mẹ́ta mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n á máa pààrọ̀ rẹ̀ bí pápá bá ṣe rí.

Ìṣirò kan náà ni àwọn mẹkáníìkì Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkọ̀tún ń ṣe lábẹ́ agbòòrùn, tí ẹnikẹ́ni kò sì pè wọ́n ní ẹnjiníà. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ máṣíìnì: ó ń fà, tàbí kò fà. Bí okadà kò bá fà lókè, tí kabúrétọ̀ àti púlọ́ọ̀gì sì dára, sípírókẹ́ẹ̀tì ni ọwọ́ á kàn. Kékeré wà níwájú lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, ńlá wà lára táyà ẹ̀yìn, ṣéènì ló so wọ́n pọ̀. Ká ní iwájú jẹ́ eyín 14, tí ẹ̀yìn jẹ́ 42. Iwájú á yí lẹ́ẹ̀mẹta kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yọ eyín kan péré níwájú, kó di 13, agbára tí máṣíìnì fi ń fà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìpín mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Láti rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, ẹ ní láti fi eyín mẹ́ta kún 42. Ìdí rèé tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀ kékeré iwájú: owó rẹ̀ kò pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì hàn kíákíá.

Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Eyín tó dín níwájú ń mú kí ẹ́ńjìnnì ké ju bó ṣe yẹ lọ lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, epo á máa lọ. Eyín tó pọ̀ níwájú á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi lórí títì, ṣùgbọ́n ó máa dójú ti ọlọ́kadà lókè. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé ẹ̀dínwó orí epo ti lọ, lítà tí kò tó ₦200 di ₦488 ní Èkó láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọgbọ́n tó tètè ń sọ síni lọ́kàn ni ká fi eyín kún iwájú kí epo lè pẹ́. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí títì tó dán, ó bójú mu. Fún ẹni tó ń gbé èrò lọ sínú iyanrìn lẹ́yìn Ìgándò, àṣìṣe ni, mo sì fi ọkàn mi sọ ọ́. Bí jíà bá le jù fún ẹrù, kílọ́ọ̀ṣì ni ọlọ́kadà á máa fi dí àlàfo náà. Ohun tí wọ́n ń pè ní háàfù kílọ́ọ̀ṣì nìyẹn: ìka kò fà á tán, kò sì tú u tán. Àwọn àwo inú á máa fi ara ha ara wọn, wọ́n á gbóná, wọ́n á jó. Epo tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́, owó àwo kílọ́ọ̀ṣì tuntun á gbé e lọ.

Òfin náà fi kún ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìrìnnà Èkó ti ọdún 2012 lé okadà kúrò lójú ọ̀nà 475. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, Gómìnà Sanwo-Olu fòfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ó sì fi mẹ́rin kún un ní oṣù Kẹsàn-án: Kòsọ́fẹ́, Oshòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin. Alímọ̀ṣọ́ kò sí nínú wọn. Níbẹ̀, òpópónà ńlá ni okadà ti kúrò, inú àdúgbò ló kù sí. Máṣíìnì tó ń gbádùn títì tẹ́lẹ̀ wá di ti òkè àti kòtò lójoojúmọ́, ó sì yẹ kí jíà rẹ̀ bá ibẹ̀ mu.

Ní Kùtọnu àti Lomé, láti ọdún 2022, máṣíìnì oníbátìrì ti ń bá àwọn zémíjàn, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, àti ẹgbẹ́ wọn ṣiṣẹ́. Àwọn máṣíìnì náà kò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá. Bóyá ọwọ́ òsì yóò tún sinmi lọ́jọ́ kan. Ní báyìí, òun ló ń gbé wa délé.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà wa, tí ṣéènì bá ti nà, tí eyín sípírókẹ́ẹ̀tì ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ẹ pààrọ̀ ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí ṣéènì tuntun kì í pẹ́ lórí eyín ògbólógbòó. Ẹ má da ọ́ìlì mọ́tò sínú máṣíìnì, ohun tó ń mú un yọ̀ dáadáa nínú mọ́tò lè mú kílọ́ọ̀ṣì tiyín náà máa yọ̀. Èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára ni kí ẹ rà. Ẹ sì gbé ìka kúrò lórí irin kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí ẹ kò bá lò ó. Ẹ̀yin èrò, bí ọlọ́kadà bá dúró ní ẹsẹ̀ òkè tó ní kí ẹ jọ̀wọ́ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn dókè, ẹ má bá a jà. Ẹ sọ̀kalẹ̀.