Ìròyìn Orí Fóònù àti Ìròyìn Oníwèé Ìròyìn: Èwo Ni Ká Gbà Gbọ́?

 

Ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ní ká jókòó sílé nítorí kòrónà. Ṣebí fóònù ló gbé e dé pé àwọn olè tí wọ́n ń pè ní “One Million Boys” ń bọ̀? Ní Ifọ̀, ní Agbádó, ní Sango níbí, àwọn ọkọ àti ọmọ wa ń dáná táyà lóru, oorun dá lójú gbogbo wa. Àwa gbọ́ pé wọ́n ti dé Ìjókò. Ìgbà tí a pe èèyàn wa kan ní Ìjókò, ó ní Sango ni wọ́n sọ fún àwọn pé wọ́n wà! A ò sọ pé kò sí olè nígboro o. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí à ń fi ránṣẹ́ síra wa, ta ló fojú rí i?

Ti ọdún 2014 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà Ebola, fóònù ní ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún. Ìjọba ní irọ́ ni. Kí oṣù kẹjọ náà tó parí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìròyìn ti kàn wọ́n pé èèyàn méjì kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Kí wá ni ìyàtọ̀? Láti 1859 tí Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, oníwèé ìròyìn ní orúkọ, ó ní ọ́fíìsì. Ó yẹ kó bi tọ̀tún tòsì, kí olóòtú tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá purọ́ mọ́ni, a mọ ilé tí a máa kàn. Ti fóònù kò ní ọ̀gá, kò sì dúró de ilẹ̀ mọ́.

Àmọ́ ẹ má fọwọ́ rọ́ fóònù sẹ́yìn o. Bí iná bá sọ lọ́jà lóru, àwa la máa kọ́kọ́ rí i, oníwèé ìròyìn ò tíì jí. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá 2020, tí wọ́n yìnbọn ní Lẹ́kí, DJ Switch fi fóònù rẹ̀ hàn án lójú ẹsẹ̀. Àwọn ológun kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Ní oṣù kọkànlá, CNN kó fọ́nrán orí fóònù jọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbé e jáde. Fóònù rí i, oníròyìn wádìí rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún.

Nítorí náà, bí ìròyìn bá dé, ẹ bèèrè: Ta ló rí i? Níbo? Lọ́jọ́ wo? Bí kò bá sí èsì, ẹ má fi ránṣẹ́, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ palẹ̀ ọjà mọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fojú rí i, ẹ yà á, ẹ sọ ibẹ̀, ọjọ́ àti aago, ẹ má bù mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ilé iṣẹ́ rédíò.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí òótọ́ tó dé, ẹni tó mu omi iyọ̀ ti lọ.