Ẹ̀kọ Tútù, Ìfun Ńlá àti Ọpọlọ

Inú ni èdè Yorùbá fi ayọ̀, ìbínú àti ìrònú sí, nítorí pé inú ni í dùn, inú ni í bíni, inú ni í bàjẹ́, inú náà sì ni ènìyàn ti máa ń rò ó kí ó tó sọ̀rọ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn àgbà ti mọ ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wádìí lónìí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí òbí tí ń tọ́ ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston mọ̀ pé ọ̀nà wà láàárín ìfun àti ọpọlọ, àti pé ẹ̀kọ tútù tí ọmọ ń kọ̀ lè ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe lójú ọ̀nà náà.

Nínú ìfun ńlá ni bakitéríà, ìyẹn àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí, pọ̀ sí jù lọ nínú ara. Apá oúnjẹ tí kò dà nínú ìfun kékeré ni wọ́n ń jẹ. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, wọn a máa mú gáàsì jáde, èyí tí í wú ikùn lẹ́yìn ẹ̀wà, wọn a sì máa mú àwọn ásíìdì kéékèèké jáde, tí acetate, propionate àti butyrate jẹ́ olórí wọn. Awọ inú ìfun ńlá ń fi butyrate ṣe agbára, ẹ̀dọ̀ a gba púpọ̀ nínú ìyókù, díẹ̀ a sì bá ẹ̀jẹ̀ yí ara ká.

Ọpọlọ kì í gba gbogbo àlejò, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ara iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ so mọ́ra pinpin bí ògiri. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Sweden gbé e jáde pé ògiri yìí ń jò lára àwọn èkúté tí wọ́n tọ́ láìsí bakitéríà kankan nínú wọn, ó sì tún dí sí i nígbà tí wọ́n fún wọn ní bakitéríà tàbí butyrate. Èkúté ni wọ́n, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni búra pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ènìyàn.

Ti ènìyàn tí ó dájú jù lọ ni ti amóníà, tí bakitéríà ń mú jáde lára ẹran, ẹja àti ẹ̀wà. Ẹ̀dọ̀ tí ara rẹ̀ le a máa sọ ọ́ di ohun tí yóò bá ìtọ̀ jáde, ṣùgbọ́n bí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́, amóníà a dé ọpọlọ: aláìsàn a máa sùn lọ́sàn-án, ojú rẹ̀ a dá lóru, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a dàrú, bí ó bá sì na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ náà a máa já wálẹ̀ lójijì, a tún gbéra. Lactulose, oògùn olómi dídùn tí ìfun kékeré kò lè dà, ni dókítà máa ń fún un, ìfun ni oògùn náà sì ti ń ṣiṣẹ́ kí orí tó fúyẹ́.

Ní ti ẹ̀kọ, bakitéríà ni ó ń mú ògì kan lẹ́yìn tí àgbàdo bá ti wà nínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ṣùgbọ́n iná a pa wọ́n, asẹ́ a sì ti gba èèrí, tí ì bá jẹ́ oúnjẹ fún tinú ìfun, lọ fún ewúrẹ́. Ohun tí ó kù ni pé bí ẹ̀kọ ti ń tutù tí ó sì ń dì nínú ewé, apá kan nínú rẹ̀ a yí padà débi pé kò ní dà nínú ìfun kékeré mọ́, yóò sì dé ọ̀dọ̀ bakitéríà. Ẹ̀wà sísè tòun ti èèpo rẹ̀ tún ju mọ́ínmọ́ín lọ ní ti èyí. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2015, 20 aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà jẹ irú oúnjẹ abúlé Gúúsù Áfíríkà fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, butyrate inú ìfun wọn sì pọ̀ sí i. 20 ará abúlé tí wọ́n jẹ tiwọn ní pàṣípààrọ̀ sì rí i tí ó dínkù.

Kí òbí tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ikùn ọmọ lè kọ́kọ́ wú, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀kọ tutù dáadáa kí ó tó tú ewé rẹ̀.