Ìlò Rọ́bọ́ọ̀tì Abánisọ̀rọ̀ Nínú Ẹ̀kọ́ Èdè

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣe àlàyé ohun tí rọ́bọ́ọ̀tì abánisọ̀rọ̀ jẹ́, bí àwọn onímọ̀ ṣe lò ó láti ṣe ìwádìí nípa ẹ̀kọ́ èdè, àti ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ àti olùdánwò Yorùbá fi sọ́kàn nípa rẹ̀.

1. Ohun tí ó jẹ́
Rọ́bọ́ọ̀tì abánisọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ tí a ṣe kí ó lè máa bá ènìyàn lò bí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan tí a mọ̀ dáadáa nínú wọn ni NAO, tí ilé-iṣẹ́ Aldebaran ní ilẹ̀ Faransé kọ́kọ́ ṣe. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58. Ó lórí, ó lọ́wọ́, ó lẹ́sẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń lò ó ni yóò fi kọ̀ǹpútà to ohun tí yóò sọ àti bí yóò ṣe ju ọwọ́ fún un lẹ́sẹẹsẹ.

Ìdí nìyí tí ó fi wúlò fún olùṣèwádìí. Kò sí olùkọ́ tí ó lè kọ́ igba ọmọ ní ẹ̀kọ́ kan náà láìyí ohùn tàbí ọ̀rọ̀ padà. Rọ́bọ́ọ̀tì lè ṣe é. Bí a bá wá yí ohun kan ṣoṣo padà nínú iṣẹ́ rẹ̀, a ó lè mọ̀ bóyá ohun náà ni ó fa ìyàtọ̀.

2. Ìwádìí L2TOR
Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni L2TOR, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Nínú èyí tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, ọmọ 194 ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, tí wọ́n tó ọmọ ọdún márùn-ún, ni wọ́n pín sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 34 ni ọ̀wọ́ mẹ́ta kọ́ nínú ẹ̀kọ́ méje. Ọ̀wọ́ kìíní lo tábúlẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú NAO tí ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. NAO ti ọ̀wọ́ kejì kò ṣe àpèjúwe bẹ́ẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan ni ọ̀wọ́ kẹta lò. Ọ̀wọ́ kẹrin kò kọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Ijó ni wọ́n bá rọ́bọ́ọ̀tì jó.

Àwọn ọ̀wọ́ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ mọ ọ̀rọ̀ ju ọ̀wọ́ kẹrin lọ. Ṣùgbọ́n rọ́bọ́ọ̀tì kò mú kí àwọn ọmọ mọ̀ ju àwọn tí wọ́n lo tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan lọ, ọwọ́ tí ó sì ń jù kò fi nǹkan kún un. Bí kò bá sí ọ̀wọ́ kẹta ni, rọ́bọ́ọ̀tì ni à bá gbé oríyìn fún.

3. Ọ̀ràn ohùn
A tún gbọ́dọ̀ ṣe àkíyèsí pé ẹ̀rọ kò lè dá ọ̀rọ̀ ẹnu irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ dáadáa nígbà náà. Nítorí náà, nípa fífi ọwọ́ kan àwòrán lórí tábúlẹ́ẹ̀tì ni rọ́bọ́ọ̀tì fi ń mọ ìdáhùn wọn.

Ọ̀ràn yìí kan Yorùbá gidigidi. Ọmọ tí ó gbọ́ ọkọ́, tí ó sì fọwọ́ kan àwòrán ọkọ́, ti fi hàn pé òun dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Kò tíì fi hàn pé òun lè fi ohùn tí ó yẹ pè é. Gbígbọ́ ni ó yege nínú rẹ̀, kì í ṣe sísọ. Olùdánwò kò gbọdọ̀ fi máàkì ọ̀kan rọ́pò ti èkejì.

4. Ìgúnlẹ̀
Bí a bá fẹ́ lo irú ẹ̀rọ yìí ní kíláàsì wa, ohùn olùkọ́ tí ó gbọ́ èdè dáadáa ni kí a gbà sílẹ̀ sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì wí fún wa pé ó ń kọ́ni dáadáa, ìbéèrè méjì ni kí a bi wọ́n: àwọn ọmọ wo ni ẹ fi wọ́n wé? Ta ni ó fi etí gbọ́ wọn?