Ṣọ́ọ̀ṣì Ìrántí Kaiser Wilhelm

Ṣọ́ọ̀ṣì Ìrántí Kaiser Wilhelm, tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Kaiser-Wilhelm-Gedächtniskirche, jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Protẹ́sítáǹtì ní gbàgede Breitscheidplatz ní ìlú Berlin, olú-ìlú Jámánì. Kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Àwókù ilé-agogo àtijọ́ ló wà láàárín, àwọn ilé kọnkéré tí Egon Eiermann ya àwòrán wọn sì yí i ká.

Olú-ọba Wilhelm Kejì ló ní kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní ìrántí bàbá rẹ̀ àgbà, Wilhelm Kìíní. Franz Schwechten ni ayàwòrán-ilé rẹ̀, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní ọdún 1895. Ilé-agogo rẹ̀ ga tó mítà 113. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1943, bọ́ǹbù àwọn ọkọ̀ òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di ahoro, èyí tó kù lórí ìdúró kò sì ju nǹkan bíi mítà 68 lọ.

Nígbà tí Eiermann borí nínú ìdíje yíya àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ní ọdún 1957, èrò rẹ̀ ni pé kí wọ́n wó àwókù náà kanlẹ̀. Àwọn ará ìlú kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ti ń pe àwókù náà ní “eyín oníhò”, síbẹ̀ wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Eiermann tún àwòrán rẹ̀ yà, ó sì fi àwókù náà sáàárín. A lè sọ pé àtakò náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lóore: òkúta tó ti jó yẹn ló jẹ́ kí ojú rí bí àwọn ilé tuntun náà ṣe rọrùn tó. Wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì náà sí mímọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1961, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n mọ ògiri tó pín ìlú náà sí méjì.

Ilé ìjọsìn tuntun náà jẹ́ onígun mẹ́jọ, ilé-agogo tuntun sì jẹ́ onígun mẹ́fà. Irin ni egungun wọn. Ara irin yìí ni wọ́n so àwọn pátákó kọnkéré mọ́, tí ihò wọn tò bí afárá oyin, gíláàsì aláwọ̀ sì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo gíláàsì náà lé ní 20,000; Gabriel Loire ló ṣe wọ́n ní ìlú Chartres ní ilẹ̀ Faransé. Àwọ̀ aró ló pọ̀ jù nínú wọn, pẹ̀lú pupa, ewéko àti òféfèé díẹ̀díẹ̀.

Ọgbọ́n tó wà nínú ilé ìjọsìn náà ni pé ògiri rẹ̀ jẹ́ méjì, àlàfo sì wà láàárín wọn. Àlàfo yìí ń dá ariwo ọkọ̀ ìgboro dúró. Inú rẹ̀ náà ni wọ́n to iná mànàmáná sí, tí ògiri fi ń tàn lálẹ́. Lọ́sàn-án, ẹni tó wà níta kò rí ju kọnkéré eléérú lọ. Bó bá wọlé, ìmọ́lẹ̀ aró ni yóò bò ó. Lókè pẹpẹ ni ère Kristi tó jíǹde, iṣẹ́ Karl Hemmeter, wà.

Gbọ̀ngàn ìrántí ni ìsàlẹ̀ àwókù náà jẹ́ láti ọdún 1987. Àgbélébùú tí a fi ìṣó ṣe wà níbẹ̀, ẹ̀bùn láti Coventry, ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí bọ́ǹbù Jámánì ti ba kàtídírà rẹ̀ jẹ́ ní ọdún 1940. Níta, lórí àtẹ̀gùn gbàgede náà, ni wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kú sí nígbà tí apániláyà kan wa ọkọ̀ akẹ́rù lu ọjà Kérésìmesì ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ìlà aláwọ̀ wúrà kan la ilẹ̀ kọjá níbẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀ bá sán.