Eku Kì í Ṣe Alájẹṣẹ́kù

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó gba owó lápò ẹgbẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ ọmọlúwàbí kan jẹ́. Ọ̀rọ̀ eku inú mọ́tò ni.

Ẹ ó rántí pé ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kí oṣù náà tó parí, lítà epo kan l'Ékòó ti lé ní 480 náírà. Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa tó ń lọ Mile 12 lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ẹlẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọjọ́ tó kù, ẹ̀bá gọ́tà la ń páàkì rẹ̀ sí ní Bàrígà, nítòsí ibi tí àwọn ará àdúgbò ń da pàǹtí sí. Ọjà tó bá sì dé lálẹ́, inú mọ́tò ló ń sùn di àárọ̀.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn ìyá ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹjọ́ wá. Àpò ẹ̀wà dé, ó ti ń jò. Gàrí dé, ìdí àpò ti lu. Ìyá kan ní òun wọn tòun, kóńgò mẹ́ta ló dín. Ta ni wọn ìbá fura sí bí kò ṣe dírẹ́bà? Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Àwa ìgbìmọ̀ náà ò wádìí dénú. A yọ owó ẹ̀wà náà nínú owó oṣù rẹ̀. Bàbá náà ò bá wa jà. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run rí mi."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mọ́tò kú sójú ọ̀nà Ìkòròdú, nítòsí Onípanu, ata àti tòmátò kún inú rẹ̀, oòrùn sì mú. Rewáyà dé, ó ṣí ibi ẹ́ńjìnnì, ó kígbe. Ìtẹ́ eku ni! Bébà wẹ́wẹ́ láti ara ẹrù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ẹ̀wà sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti jẹ awọ ara wáyà mẹ́rin kan okùn bàbà. Bí irú wáyà bẹ́ẹ̀ bá fara kan ara wọn, iná lè sọ. Ọlọ́run ló yọ wá. Ṣùgbọ́n ata yẹn ti rọ̀ kó tó délé.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ẹ̀bìtì ò bá peku, kí a fi ẹyìn fẹ́lẹ́yìn. Ẹni tí a dẹ ẹ̀bìtì wa fún kọ́ ni eku. Ní ìpàdé oṣù yẹn, a dá owó dírẹ́bà padà pé pérépéré, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ rí i bí omi ṣe lé ròrò sójú rẹ̀.

Kí ló dé tí eku fi fẹ́ràn mọ́tò? Ooru ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, oúnjẹ wà, ibi ìsápamọ́ náà wà. Eyín iwájú eku kì í dẹ́kun híhù, nítorí náà kò lè ṣe kó má máa run nǹkan. Ihò tí pẹ́ńsùlù bá lè gbà wọlé, èkúté kékeré lè gbà á. Oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó sì lè bí mẹ́fà tàbí méje lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Àwa ni alájẹṣẹ́kù; eku kì í jẹ ṣẹ́kù.

Ti owó kọ́ ló tiẹ̀ burú jù. Ní ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, ní ìlú Lassa tó wà ní Ìpínlẹ̀ Borno òde òní. Irú eku kan ló ń gbé e kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lára oúnjẹ tàbí ohun èlò ló sì ń kó o ran ènìyàn. Ọ̀pọ̀ tó kó o kì í mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹlòmíràn. Ọdọọdún ló ń jà nílẹ̀ wa, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òǹdó àti Ẹdó wà lára ibi tó ti ń pọ̀ jù. Gàrí tí eku ti tọ̀ sí kì í ṣe ohun à ń rẹ́ tà. Ẹ dà á nù. Bí ibà bá sì mú yín tí kò gbọ́ oògùn ibà, ẹ tètè lọ sọ́sibítù, kí ẹ sọ ti eku fún dókítà.

Ohun tí a ti ń ṣe nìyí, a sì rọ gbogbo onímọ́tò, oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́jà kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀:

1. Kí ẹrù oúnjẹ má sùn nínú mọ́tò mọ́. Kí a gbọn inú rẹ̀ mọ́ ní alaalẹ́.

2. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, ẹ ó kàn gbé e sínú afẹ́fẹ́ ni. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ wọ́n omi tí a po jíìkì mọ́ sí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó nù ún.

3. Mọ́tò tí kò jáde, ẹ máa ṣí ibi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ má páàkì sẹ́bàá ààtàn. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́: ẹ fi páànù dí ihò ìsàlẹ̀ mọ́tò. Àkísà ò lè dá eku dúró.

4. Tàkúté tí a fi ẹja gbígbẹ sí ló dára jù. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó wa mọ́tò o!

5. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ̀tápiápiá sínú mọ́tò tó ń gbé oúnjẹ. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa dichlorvos inú ìgò kékeré 100ml. Oògùn tó ń pa eku ò mọ̀ pé ènìyàn ló fẹ́ jẹ ẹ̀wà náà. Eku tó bá sì jẹ ẹ́ lè kú síbi tí ọwọ́ ò tó, òórùn rẹ̀ á sì lé èrò.

Tàkúté mẹ́rin wà ní ọ́fíìsì wa. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ yá a, kó wá forúkọ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì pàdé dírẹ́bà wa lọ́nà, ẹ kí i dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́.