Ahọ́n Mi Ò Parọ́, Èmi Ni Mo Parọ́: Ìdí Tí Bíà Kan Náà Fi Ń Dùn Lẹ́nu Ẹnìkan, Tó Sì Ń Korò Lẹ́nu Ẹlòmíì

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Lọ́dún tó kọjá, mo ba apá kan nínú iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀gbọ́n mi kan ní lábù jẹ́, nítorí ìtìjú lásán. Èmi tí mò ń ka máíkróbáyọ́lọ́jì fún oyè kejì o!

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọ̀rẹ́ wa kan ṣe ọjọ́ ìbí ní Èkó, ó sì ra oríṣi bíà mẹ́rin wá láti ilé ìpọntí kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní craft beer. Wọ́n bu IPA fún mi. Mo fẹnu kàn án, ojú mi sì fún pọ̀ bí ẹni tó mu àgbo ibà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "O ò mọ bíà rárá!" Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti gbé ọtí kíkorò wá, màá ní "Háà, èyí mà dáa o," kí wọ́n má baà pè mí ní ará oko.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n tí mò ń wí yìí ní kí àwa mẹ́jọ wá tọ́ ọtí ọkà bàbà tó fúnra rẹ̀ pọn wò. Ife márùn-ún ni, nọ́ńbà nìkan ló wà lára wọn. Dípò kí n kọ ohun tí ẹnu mi gbọ́, ojú àwọn tó jókòó tì mí ni mò ń wò. Bí wọ́n bá mi orí, èmi náà á kọ máàkì ńlá. Àṣé ọtí kan náà ló wà nínú ife méjì! Mo fún ọ̀kan ní 8, mo fún èkejì ní 3. Ẹ̀gbọ́n mi yọ ìwé mi kúrò, ó sì ní láti wá ẹlòmíì. Ó ní: "Àbúrò, mi ò bi ọ́ pé èwo ló dáa. Ohun tí ẹnu rẹ sọ ni mo bi ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo bá lọ kàwé.

Kí ló mú kí bíà yàtọ̀ síra?

Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú ọ̀pọ̀ bíà: omi, ọkà tí wọ́n mú hù, ìwúkàrà àti hops. Ìtàkùn kan ni hops, òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ń sè mọ́ ọtí. Bó bá ṣe ń hó lórí iná, àwọn ásíìdì inú rẹ̀ á yí padà di ohun tó korò. Àwọn apọntí ní òṣùwọ̀n fún un, IBU ni wọ́n ń pè é: 1 IBU fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílígíráàmù 1 ohun kíkorò yẹn nínú lítà kan. Lager tó fúyẹ́ jù máa ń wà láàárín 8 sí 12. IPA ti Amẹ́ríkà? 40 sí 70. Ẹ ò rí i pé ojú mi ò fún pọ̀ lásán.

Ìwúkàrà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tó ń ṣe ale, *Saccharomyces cerevisiae*, ìran kan náà ni pẹ̀lú èyí tó ń mú búrẹ́dì wú. Ibi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ló fẹ́, bíi 15 sí 24 °C. Ti lager, *Saccharomyces pastorianus*, ibi tútù ló ti ń ṣiṣẹ́, bíi 7 sí 13 °C. Bíà àlìkámà ti Jámánì máa ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́npọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Ìwúkàrà ló pèsè isoamyl acetate, kẹ́míkà tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ gangan. Ti stout, ọkà tí wọ́n yan títí ó fi dúdú ló ń fún un ní ìtọ́wò bíi kọfí.

Bíà kíkan ńkọ́? Ìyẹn ò ṣàjèjì sí wa. Ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, ọtí bàbà, àti tchoukoutou ti àríwá Benin àti Togo, ó ti pẹ́ tí àwọn obìnrin ti ń pọn wọ́n nílé. Irú bakitéríà tó ń mú ògì kan ló ń mú tchoukoutou náà kan. Àwọn ilé ìpọntí ńlá wa pàápàá gbára lé ọkà bàbà àti àgbàdo nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé ní 1988. Títí dòní, ọ̀pọ̀ bíà wa ṣì ní ọkà bàbà nínú. Ohun tá à ń pè ní "bíà gidi", ohun tó mọ́ wa lẹ́nu ni.

Ọmọ ìka ò dọ́gba, ahọ́n náà ò dọ́gba

Ní 1931, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní DuPont ní Amẹ́ríkà, Arthur Fox, ń da ìyẹ̀fun kan tó ń jẹ́ PTC, eruku rẹ̀ sì fẹ́ káàkiri. Ẹnìkejì rẹ̀ ní lábù kígbe pé eruku náà korò. Fox ní irọ́ ni, òun ò gbọ́ ìtọ́wò kankan. Àwọn méjèèjì bá tọ́ ọ wò, wọ́n tún fún àwọn ẹlòmíì. Òótọ́ ni oníkálùkù ń sọ! Ní 2003, àwọn onímọ̀ rí jíìnì tó fa ìyàtọ̀ náà, TAS2R38.

Jíìnì yẹn kọ́ ló ń gbọ́ ìkorò hops o. Àwa ènìyàn ní nǹkan bí oríṣi 25 ẹ̀yà tíntìntín tó ń dá ìkorò mọ̀, mẹ́ta nínú wọn ni wọ́n rí i pé ó ń dáhùn sí hops. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí ahọ́n èmi àti ìwọ bá kan ohun kan náà, a lè má gbọ́ ohun kan náà.

Síbẹ̀, jíìnì nìkan kọ́. Ta ló fẹ́ràn ewúro lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ọmọdé á tu orógbó dànù, bó bá dàgbà á máa fi owó ara rẹ̀ rà á. Bí a bá ń tọ́ nǹkan wò léraléra, tí kò sì pa wá lára, ó lè wá mọ́ wa lẹ́nu. Adùn ní ń gbẹ̀yìn ewúro, àmọ́ kì í ṣe dandan kó gbẹ̀yìn ti gbogbo èèyàn.

Ẹ dán an wò nílé

Ẹ ní kí ẹnìkan bu ife mẹ́ta fún yín níbi tẹ́ ò ti ní rí i, kí méjì jẹ́ ọtí kan náà. Nọ́ńbà ni kó kọ sí i lára. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ bù ú, kẹ́ ẹ fi omi fọ ẹnu láàárín wọn, kẹ́ ẹ sì kọ máàkì kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹ wo ìwọ̀n ọtí tó wà lára ìgò náà kó tó di pé ẹ ṣí i. Bí ẹ kì í bá mutí, ẹ fi zobo ṣe é, tàbí kẹ́ ẹ rẹ gààrí Ìjẹ̀bú àti gààrí míì.

Ẹ̀gbọ́n mi tún pè mí ní oṣù kejì ọdún yìí. Mo kọjú sí ògiri lọ́tẹ̀ yìí. Mo fún èyí tó korò jù ní 2, ojú ò sì tì mí. Àwọn ife méjì tó bára mu, mo fún ọ̀kan ní 6, mo fún èkejì ní 7. Ó wò ó, ó ní, "Èyí ṣeé lò."